Kòńgẹ́ Kì Í Parọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ fara balẹ̀ jókòó nígbà tí àyè ìjókòó ṣì wà, torí pé ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í fẹ́ kí ènìyàn jókòó tí òun bá ń kọjá. Kì í sì í fẹ́ kí wọ́n nàró. Ohun tó fẹ́ ni kí wọ́n wà láàárín méjèèjì, kí wọ́n tẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn.

Òun ni Ọ̀gá Àgbà Àjọ Sinimá àti Orin. Ilé-iṣẹ́ ìjọba ni, ilé alájà mẹ́ta, ilé sinimá ìlú sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ àjọ náà kò ju kí wọ́n máa fi sinimá han ará ìlú, kí wọ́n kan àga tó bá ṣẹ́, kí wọ́n sì rí i pé iná kò kú nígbà tí eré bá dùn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí bí Ọ̀gá Àgbà ṣe ń ti inú mọ́tò bọ́ sílẹ̀ láàárọ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún kọ́kọ́ jáde, ó dúró díẹ̀ kí ayé lè rí bàtà náà, kí ẹsẹ̀ òsì tó tẹ̀lé e, ẹ ó rò pé òun ló ní kí oòrùn yọ.

Òfin kan wà níbẹ̀ tó fúnra rẹ̀ ṣe. Ẹ fi sọ́kàn, torí a máa padà sórí rẹ̀. Òfin náà ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọ́ ohùn Ọ̀gá Àgbà láìjẹ́ pé wọ́n ti kọ́kọ́ ka oyè rẹ̀. Olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ ló ń kà á, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Bẹ́ẹ̀ni-Sà. Kí Ọ̀gá tó sọ pé “Ẹ káàárọ̀,” Bẹ́ẹ̀ni-Sà á ti bọ́ síwájú, á na ọrùn, á wá máa wí pé: “Ọ̀gá Àgbà pátápátá! Alákòóso ohun tí ojú ń rí àti ohun tí etí ń gbọ́! Baba sinimá, ẹ̀gbọ́n orin! Igbákejì Alága Ìgbìmọ̀ Àwọn Igbákejì Alága! Ẹni àkọ́kọ́ tó jókòó lórí àga onírọ̀gbọ̀kú ní àjà kẹta!” Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa lọ títí omi inú kọ́ọ̀bù yóò fi gbóná.

Lọ́jọ́ kan, wáyà gbiná ní àjà kejì. Ọ̀gá Àgbà ló kọ́kọ́ rí èéfín. Ó la ẹnu láti pariwo, àmọ́ Bẹ́ẹ̀ni-Sà ti bọ́ síwájú, ó ti na ọrùn. Kó tó ka oyè tán, ọlọ́dẹ ti bu iyanrìn sí iná náà, ó ti pa á, ó sì ti padà sídìí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ìgbà náà ni Ọ̀gá wá pariwo pé “Iná o!” Gbogbo òṣìṣẹ́ sì pàtẹ́wọ́.

Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, Ọ̀gá Àgbà kọ orin. Mi ò ní kí ẹ rẹ́rìn-ín. Àwo orin kan ṣoṣo ló ṣe, ó pè é ní “Ẹ Wò Mí Dáadáa,” orí ara rẹ̀ ló sì dá gbogbo orin inú rẹ̀ lé. Àwòrán rẹ̀ ló wà níwájú páálí àwo náà, òun náà ló tún wà lẹ́yìn. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ló gbè é lórin. Èyí ẹ̀gbọ́n di ìyàwó rẹ̀ nígbà tó yá, èyí àbúrò ló ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ojú fèrèsé ilé sinimá títí di bí mo ṣe ń wí yìí. Kò sí orúkọ wọn lára páálí àwo náà, torí àwòrán ti gba gbogbo àyè. Ẹnikẹ́ni kò ra àwo ọ̀hún. Wọ́n kó o sínú páálí lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé, ìyàwó rẹ̀ sì ń fi àwọn kan nínú rẹ̀ dé garawa omi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, ìyàwó rẹ̀ jókòó ní pálọ̀, ó ń wo sinimá àtijọ́ kan lórí tẹlifíṣọ̀n. Gbogbo ìlú ló mọ sinimá náà dunjú. Káfíńtà kan gun ẹṣin wá sí abúlé kan láti kan afárá fún wọn. Ayédèrú dókítà kan náà wá lórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó dé fìlà gíga, ó ń ta omi aláwọ̀ fún wọn pé oògùn ni, títí àṣírí fi tú, tí gbogbo abúlé fi lé e jáde, tí tòlótòló kan sì ṣíwájú wọn.

Ọ̀gá Àgbà wọlé. Kò lè fara da kí ohùn ẹlòmíràn máa ròkè ju tirẹ̀ lọ nínú ilé tirẹ̀, ló bá gbé “Ẹ Wò Mí Dáadáa” sórí ẹ̀rọ.

“Bàbá àwọn ọmọ, mò ń wo sinimá o.”

“Máa wò ó. Ojú la fi ń wo sinimá. Ṣé mo gbé nǹkan dí ọ lójú ni?”

Ìyàwó rẹ̀ ti mọ ìjà tó yẹ ní jíjà yàtọ̀ sí èyí tí kò yẹ. Ó pa ohùn tẹlifíṣọ̀n, ó ń wo àwòrán lásán. Bí káfíńtà ṣe sọ̀kalẹ̀ lórí ẹṣin, bẹ́ẹ̀ ni ohùn Ọ̀gá Àgbà jáde láti inú àwo pé “Ẹ wò mí dáadáa!” Káfíńtà rìn dé ẹnu ilé kan. Àwo kọ ọ́ pé “Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi!” Ilẹ̀kùn ṣí.

Kọ́ọ̀bù bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá Àgbà.

“Ṣé o rí i? Mo ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n sì ṣí i!”

“Bàbá àwọn ọmọ, ilẹ̀kùn ni. Kí lẹ tún fẹ́ kí wọ́n fi ṣe?”

Àmọ́ Ọ̀gá ti ń fò sókè. “Ó ṣe kòńgẹ́! Ohùn mi àti sinimá ṣe kòńgẹ́!”

Ká sòótọ́, ohun tó rí kì í ṣe irọ́. Ẹ gbé orin tó bá wù yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ sinimá tó bá wù yín, ẹ pa ohùn sinimá, wọ́n á pàdé níbì kan. Ìlù á dún bí ẹnìkan ṣe ń ṣubú, akọrin á mí kanlẹ̀ bí òjò ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń fi í ṣe fàájì káàkiri, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún gbé òmíràn sí i, wọ́n á lọ sùn. Ìgbà tí ẹni tó wà nípò bá rò pé orí òun ló ń bá òun sọ̀rọ̀ ni wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, ó kó gbogbo ọ̀gá ẹ̀ka jọ sínú ilé sinimá. Wọ́n ka oyè. Ó sì sọ̀rọ̀.

“Ẹ̀yin ènìyàn mi,” ó ní, “wọ́n bí àwọn kan sínú ìmọ́lẹ̀. Àwọn kan ń wá ìmọ́lẹ̀ kiri. Ní tèmi, ìmọ́lẹ̀ ló wá mi wá sí pálọ̀ mi lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Nígbà tí mo kọ orin yìí, ayé kò rà á. Ẹ má bínú sí ayé! Ayé ń dúró de sinimá rẹ̀ ni!”

Wọ́n pa ohùn sinimá, wọ́n fi àwo sí i ní kété tí ẹsẹ̀ káfíńtà kan ilẹ̀. Kí n má parọ́ fún yín, ẹnikẹ́ni kò kọ́kọ́ rí nǹkan kan. Àmọ́ oṣù náà ni wọ́n máa ń gbé ènìyàn ga lẹ́nu iṣẹ́, gbogbo ojú ló sì yára là.

“Ọ̀gá, ẹ wo ewúrẹ́ yẹn!” Ọ̀gá Ẹ̀ka Ìpolongo ló pariwo. “Bí ẹ ṣe mí, ló mí!”

“Ewúrẹ́ kẹ̀?” Ọ̀gá Ẹ̀ka Àga àti Tábìlì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. “Afẹ́fẹ́ ńkọ́? Ṣé ẹ kò rí i pé ìgbà tí Ọ̀gá dé orí ohùn òkè ni ewé mì?”

“Èmi,” Bẹ́ẹ̀ni-Sà sì ti ń nu ojú, “omijé ló ń bọ́ lójú mi. Ó sì ṣe kòńgẹ́ pẹ̀lú ìlù.”

Akápò nìkan ló dákẹ́. Ọ̀gá Àgbà yíjú sí i. “Ìwọ ńkọ́? Ajá tó gbó nígbà tí mo ní ‘Ta ló dà bí mi,’ kí lo rò pé ó ń sọ?”

“Ọ̀gá, mo rò pé ajá náà kàn ń gbó ni, sà.”

Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti gbé tábìlì Akápò lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó àga tó kán sí. Ẹ lè máa pè é ní òmùgọ̀. Èmi ò ní bá yín pè é.

Báyìí ni ìjọba Kòńgẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dá Ẹ̀ka Kòńgẹ́ sílẹ̀, wọ́n fún un ní yàrá tó tẹ́jú. Wọ́n pàṣẹ pé gbogbo sinimá tí wọ́n bá fi han ará ìlú, kí wọ́n pa ohùn rẹ̀, kí wọ́n fi “Ẹ Wò Mí Dáadáa” sí i. Ìyá kan tó mú àwọn ọmọ rẹ̀ wá béèrè pé kí ni àwọn òṣèré ń bára wọn sọ. Wọ́n dá a lóhùn pé Ọ̀gá Àgbà ti sọ ọ́ fún wọn. Nígbà tó ṣe, àga bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo, àwọn ọlọ́jà sì ń wọlé wá sùn nínú òkùnkùn, torí ibẹ̀ tutù. Wọ́n gbé pátákó ńlá kan kọ́ sókè ẹnu ọ̀nà, wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ ìyeyè kọ ọ́ pé: KÒŃGẸ́ KÌ Í PARỌ́.

Kò tán síbẹ̀. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í fi kòńgẹ́ dá ẹjọ́. Igi kan wó nínú sinimá bí àwo ṣe ń kọ “Ohun gbogbo ń wólẹ̀ fún mi,” ló bá ní kí wọ́n gé igi ńlá tó ń ṣíji bo ọgbà ilé-iṣẹ́. Wọ́n gé e. Abẹ́ igi yẹn gan-an ni wọ́n ń gbé mọ́tò rẹ̀ sí. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, Ọ̀gá Àgbà jókòó sórí awọ àga mọ́tò tí oòrùn ti yan, ó sì fò jáde tẹsẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bàtà kankan kò dúró kí ayé rí i.

Ẹjọ́ tó wá burú jù ni ti Olùtatíkẹ́ẹ̀tì. Nínú sinimá náà, obìnrin kan tó wé ìborí pupa sáré kọjá. Lọ́jọ́ kan Ọ̀gá ṣàkíyèsí pé bí ó ṣe ń sáré ni àwo ń kọ “Ọ̀tá mi ń sá lọ.” Ó jáde, ó wo ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ jókòó síbẹ̀, ó wé ìborí pupa.

“Ìwọ ni,” ni Ọ̀gá wí.

“Èmi ni kí ni, Bọ̀ọ̀dá mi?”

“Ọ̀tá.”

“Èmi tí mo gbè yín lórin náà? Ohùn mi ló ń kọ ‘sá lọ, sá lọ’ yẹn, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa!”

Bẹ́ẹ̀ni-Sà ní ìyẹn gan-an ni ẹ̀rí, pé ẹnu ara rẹ̀ ló fi jẹ́wọ́. Obìnrin náà kó báàgì rẹ̀. Òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni iṣẹ́ yẹn ń bọ́, gbogbo wọn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, Ọ̀gá náà mọ̀. Ọ̀gá lọ sílé lọ́jọ́ náà pẹ̀lú ayọ̀ ẹni tó ṣe ìdájọ́ láìwojú ẹbí.

Ìyàwó rẹ̀ kò gbé oúnjẹ wá. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá ìdáná, ó ká apá mọ́ àyà.

“Ọ̀gá Àgbà,” ó ní, ọjọ́ tó bá sì pè é bẹ́ẹ̀ nínú ilé, òjò ti ṣú nìyẹn. “Àbúrò mi ti jókòó sójú fèrèsé yẹn kí ẹ tó mọ ibi tí àga yín wà. Ẹ dá a padà.”

“Kì í ṣe èmi ni mo lé e. Kòńgẹ́ ni.”

“Ó dáa. Kòńgẹ́ tó lé àbúrò mi, ó ṣì ń bọ̀ wá bi yín léèrè. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀.”

“Màmá àwọn ọmọ, ìwọ kò mọ ohun tó ń bọ̀. Mínísítà ń bọ̀ wá wò ó! Wọ́n ń wá Olùdámọ̀ràn Àgbà fún ìjọba. Ọ́fíìsì tó ní ilẹ̀kùn méjì! Mọ́tò tó ń ké fèrè! Tí Mínísítà bá fi ojú ara rẹ̀ rí kòńgẹ́, èmi ni.”

“Tí kò bá rí i ńkọ́?”

“Mínísítà tí kò rí kòńgẹ́,” Ọ̀gá Àgbà rẹ́rìn-ín, “ó ti di akápò nìyẹn.”

Láti ọjọ́ náà, àga Olùdámọ̀ràn nìkan ló kù lójú rẹ̀. Ó ti ń lá àlá rẹ̀ bó ṣe ń rìn. Ó ti ní kí Bẹ́ẹ̀ni-Sà fi oyè tuntun kún oyè: Olùṣàwárí Kòńgẹ́, Abẹ́rẹ́ Tó Ń Rán Ojú Mọ́ Etí, Olùdámọ̀ràn Lọ́la. Oyè ti gùn tó fi jẹ́ pé Bẹ́ẹ̀ni-Sà ń gbé omi dání tó bá ń kà á.

Ọjọ́ pé. Wọ́n fọ ilé sinimá, wọ́n jí àwọn ọlọ́jà tó ń sùn, wọ́n ní kí wọ́n má lọ, kí àga lè kún. Ará ìlú náà rọ́ wá, torí wọ́n gbọ́ pé ọ̀fẹ́ ni. Ìyàwó Ọ̀gá jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú àbúrò rẹ̀. Àbúrò náà wé ìborí pupa, ó sì wé e kó ròkè dáadáa.

Mínísítà wọlé, obìnrin kúkúrú kan tí aago ọwọ́ rẹ̀ kì í jìnnà sí ojú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ni-Sà bọ́ síwájú, ó na ọrùn. “Ọ̀gá Àgbà pátápátá! Alákòóso ohun tí ojú—”

“Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun,” Mínísítà dá a dúró. “Mo ní ìpàdé lẹ́yìn èyí. Ẹ jẹ́ ká wo sinimá yín jàre.”

Iná kú. Sinimá bẹ̀rẹ̀. Ẹṣin ń bọ̀. Ọkùnrin tó wà nídìí àwo gbé apá ẹ̀rọ sókè, ó ń dúró de ẹsẹ̀ káfíńtà.

Ẹsẹ̀ káfíńtà kan ilẹ̀.

“Dúró!” Bẹ́ẹ̀ni-Sà di ọwọ́ ọkùnrin náà mú. “O fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn Ọ̀gá láì tíì ka oyè?”

Ẹ dáwọ́ dúró kí ẹ ro ọ̀rọ̀ Bẹ́ẹ̀ni-Sà wò. Àwo ló fẹ́ sọ̀rọ̀. Ohùn ta ló wà nínú àwo? Ta ló sì ṣòfin pé wọn kò gbọdọ̀ gbọ́ ohùn yẹn kí wọ́n tó ka oyè? Mínísítà á wá, á lọ, àmọ́ Ọ̀gá Àgbà ló ń bẹ níbẹ̀ lọ́la. Ló bá bọ́ síwájú nínú òkùnkùn, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, sinimá sì ń lọ ní tirẹ̀.

Ọ̀gá Àgbà rí i. Ó mọ̀ pé gbogbo nǹkan ti ń yẹ̀ lórí ìlà. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kó sọ, “Ó tó.” Ó la ẹnu. Àmọ́ nígbà náà gan-an ni ó gbọ́ “Olùṣàwárí Kòńgẹ́,” ó sì rí Mínísítà tó yí orí padà láti gbọ́. Oyè náà ń dùn ún létí. Ó ní kí ó kàn dé orí èyí tó kàn ná. Nígbà tó dé ibẹ̀, èyí tó tún kàn dùn jù ú lọ. Ó pa ẹnu dé, ó fi orí ti àga, ó sì jẹ́ kí wọ́n kà á tán.

Wọ́n kà á tán. Abẹ́rẹ́ bọ́ sórí àwo.

Káfíńtà ti kọjá tipẹ́. Ayédèrú dókítà ló kù lójú sinimá, òun àti fìlà gíga rẹ̀, lórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà ju ìdí sókè, dókítà sì fi orí rọ́ sínú ẹrẹ̀.

“Ẹ WÒ MÍ DÁADÁA!” ni Ọ̀gá Àgbà kọ láti inú àwo.

 Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ẹ̀yìn.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. Ọ̀gá ń bẹ orí rẹ̀ pé kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. Àmọ́ tòlótòló jáde, ó fẹ ìyẹ́ rẹ̀, ó wo ará ìlú lójú kòrókòró, àwo sì kọ ọ́ pé “Ta ló dà bí mi?” Dókítà há sínú ilé ìgbẹ́, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì lu pátákó, àwo sì kọ ọ́ pé “Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi!”

“Kòńgẹ́!” ọmọdé kan pariwo.

“KÒŃGẸ́!” gbogbo ilé gbà á.

Ọ̀gá dìde, ó ń ju ọwọ́. “Ẹ pa á! Ẹ pa àwo náà!” Àmọ́ nínú ariwo ẹ̀rín yẹn, ta ló gbọ́ ọ? Bẹ́ẹ̀ni-Sà nìkan ló rí i pé ẹnu rẹ̀ ń mì, ó sì fò dìde láti ka oyè. Lójú sinimá, dókítà ti gba ojú fèrèsé jáde pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé, gbogbo abúlé mú ìgbálẹ̀, wọ́n ń lé e. “Gbogbo ayé ló ń tẹ̀ lé mi,” ni àwo wí, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò sì ń gbè é, “sá lọ, sá lọ.” Tòlótòló ló ṣíwájú. Mínísítà ti bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí gèlè nu omijé.

Iná tàn. Ọ̀gá Àgbà dúró láàárín, òógùn bò ó.

“Irọ́ ni!” ó kígbe. “Irọ́ ni gbogbo rẹ̀! Ó kàn ṣèèṣì bọ́ síra ni! Àwòrán lásán, orin lásán, kò ní ìtumọ̀ kankan!”

“Ọ̀gá Àgbà,” Mínísítà wí, ó ṣì ń mí, “mo ka pátákó yín nígbà tí mò ń wọlé.”

Ìyàwó Ọ̀gá dìde lẹ́yìn. Kò pariwo. “Ẹ jọ̀ọ́, Mínísítà. Ẹ̀rí irú èyí ni wọ́n fi lé àbúrò mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó wé ìborí pupa nìyí.”

Mínísítà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó yíjú sí Bẹ́ẹ̀ni-Sà. “Kí ni obìnrin yìí ṣe?”

Bẹ́ẹ̀ni-Sà wo Ọ̀gá Àgbà, ó wo Mínísítà, ó sì fi ojú wọn àwọn méjèèjì bí ẹni tó ń yan ẹ̀wù. “Kò ṣe nǹkan kan, Mínísítà,” ó ní. “Kòńgẹ́ ló mú un, sà… mo ní, mà.”

“Kí ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀ lónìí. Kí akápò tí mo gbọ́ pé ó wà láàárín àga tó kán náà padà.” Ó gbé báàgì rẹ̀. “Kòńgẹ́ ti mú ẹlòmíràn.”

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹlòmíràn ti jókòó lórí àga onírọ̀gbọ̀kú ní àjà kẹta. Bẹ́ẹ̀ni-Sà sì ti ń kọ́ oyè rẹ̀ sórí.

Ẹ̀yin á rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Àmọ́ ará ìlú kò gbà. Wọ́n dá ohùn padà sí gbogbo sinimá, wọ́n já pátákó lulẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ń wá sójú fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń béèrè pé ìgbà wo ni wọ́n máa tún ṣe ti tòlótòló yẹn. Ni wọ́n bá fi sí ọjọ́ Ẹtì. Tí ẹsẹ̀ káfíńtà bá ti kan ilẹ̀, gbogbo ilé á jùmọ̀ máa ka oyè láìwo ìwé, títí dórí Olùdámọ̀ràn Lọ́la, kí wọ́n tó fi àwo sí i. Àga kì í tó. Àwo tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn tán, títí kan àwọn tó wà lórí garawa. Páálí tuntun tí wọ́n fi tà á ní orúkọ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò lára gàdàgbà. “Ilé ọba tó jó,” ìyàwó Ọ̀gá wí, “ẹwà ló bù sí i.”

Ọ̀gá Àgbà kò jáde fún ìgbà pípẹ́. Ó ń dùn ún. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n fi ṣe yẹ̀yẹ́ jù, ó ń dùn ún gan-an. Ohun tó ti ń bẹ ayé fún láti ìgbà èwe rẹ̀, pé kí wọ́n gbọ́ orin òun, wọ́n wá ń gbọ́ ọ, wọ́n sì ń kọ ọ́ lójú pópó, kò sì lè yọjú sí wọn. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ti lọ, kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó wọ bàtà, ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ, ó tò sẹ́yìn àwọn ènìyàn.

Ó kàn án. Ó dúró níwájú fèrèsé. Ó la ẹnu, ó sì bojú wẹ̀yìn. Àwọn tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Àbúrò ìyàwó rẹ̀ wò ó láti abẹ́ ìborí pupa. “Bọ̀ọ̀dá mi, kí lẹ ń retí? Ṣé kí n ka oyè ni?”

“Rárá,” ó ní. Ohùn náà kéré. “Jọ̀ọ́, tíkẹ́ẹ̀tì kan.”

Ó gé e fún un. “Ẹ̀gbọ́n mi wà lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Ó ń gba àga kan sílẹ̀ dè yín láti ọjọ́ Ẹtì tí a ti bẹ̀rẹ̀.”

Ó wá a rí. Ìyàwó rẹ̀ gbé báàgì rẹ̀ kúrò lórí àga náà, Ọ̀gá sì jókòó tì í. Wọ́n ka oyè, gbogbo ilé ń kà á, ó sì tẹ orí ba. Dókítà rọ́ sínú ẹrẹ̀. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Tòlótòló jáde, ó fẹ ìyẹ́, ó wò ó lójú kòrókòró bí ẹni tó mọ̀ ọ́n rí. “Ta ló dà bí mi?” Gbogbo ilé tún rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n dákẹ́ láti wo ohun tó kàn.

Ìgbà náà ni ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ọ̀gá Àgbà, òun nìkan, kíkankíkan, ó ń lu itan, kò lè dá a dúró. Gbogbo orí yí padà láti wo ẹni náà. Ìyàwó rẹ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ gún un.

“Bàbá àwọn ọmọ,” ó sọ ọ́ sí i létí, “ẹ̀rín yín kò ṣe kòńgẹ́.”